Ìyá Ọjọ́-Karùn-ún àti Màlúù Mọ́kànlá

Orúkọ tí òbí obìnrin yìí sọ ọ́ wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà màlúù náà. Ìyá Ọjọ́-Karùn-ún ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí wọ́n bá fi àtọ̀ sínú abo màlúù kan lónìí, láìjẹ́ pé akọ gùn ún, yóò ka ọjọ́ márùn-ún geere. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, yóò mú sírínjì, yóò wá màlúù náà rí níbi yòówù tó bá fara pamọ́ sí, yóò sì gún un lábẹ́rẹ́ lọ́rùn. Òògùn inú abẹ́rẹ́ náà làwọn dókítà ń pè ní họ́mọ̀nù. Báyìí ló ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò:

"Oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró dà bí àlejò tó jókòó sétí àga. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó fẹ̀yìn tì. Abẹ́rẹ́ mi ló ń sọ fún un."

Ọkọ rẹ̀ ló ń fi àtọ̀ náà sí wọn. Ọlọ́wọ́-Gígùn ni wọ́n ń pe òun. Láàárọ̀, yóò ṣí ìgò irin ńlá kan tó tutù ju yìnyín lọ, èéfín funfun á rú jáde, yóò fa ọ̀pá àtọ̀ kan yọ tí kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ, yóò rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, yóò wá fi í sábẹ́ aṣọ rẹ̀ kó má bàa tutù padà. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ gùn dé èjìká. Ọdún mọ́kàndínlógún tó fi ń ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú màlúù ti sọ ọwọ́ náà di ńlá, ó tóbi ju ti òsì lọ débi pé aránṣọ ní láti máa gé apá ọ̀tún ẹ̀wù rẹ̀ ní fífẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn afúnwàrà kì í yé fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Ọ̀gá, ọmọ mélòó lẹ ti bí báyìí?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ìyá wọn ló mọ iye tó ṣẹ́kù, ẹ bi í."

Ọmọ kan ṣoṣo làwọn méjèèjì bí ní tiwọn, obìnrin, ó sì ti lọ sílé ọkọ ní ìlú òkèèrè. Yàrá méjì ló kù fún tọkọtaya náà lẹ́yìn ọgbà. Nọ́ọ̀sì ni ọkọ ń pe ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá ni ìyàwó ń pe ọkọ. Ọ̀rọ̀ màlúù ni wọ́n fi ń jẹun, òun náà ni wọ́n fi ń sùn.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, dókítà ẹranko kan wá láti iléèwé gíga. Obìnrin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ti ọmọ tí Ìyá Ọjọ́-Karùn-ún bí lọ. Ó gbé ìgò òògùn méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan ní bébà pupa lọ́rùn, èkejì ní funfun. Ohun tó wà nínú méjèèjì mọ́ gaara bí omi.

"Ìyá, ọ̀kan nínú méjèèjì ni òògùn yín. Èkejì, omi iyọ̀ lásán ni. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, màlúù tí ẹ ó fún ní pupa àti èyí tí ẹ ó fún ní funfun. Tó bá di ọjọ́ kejìlélọ́gbọ̀n, màá fi ẹ̀rọ wo inú wọn, ká mọ èyí tó lóyún."

"Kí ló dé tí a ó fi máa gún màlúù ní omi iyọ̀?"

"Ká lè mọ̀ bóyá òògùn yẹn ń ṣiṣẹ́ ni, àbí à kàn ń gún wọn lásán."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún díẹ̀. Ọdún méje ló ti ń gún wọn. Ó wo ìgò méjèèjì. "Èwo wá ni òògùn?"

"Mi ò mọ̀, mà. Inú àpòòwé ni ìdáhùn wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ pa. Bí mo bá mọ̀, ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ ni ojú mi á máa rí."

Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Kò pé oṣù méjì, ó ti ní èrò tirẹ̀ nípa ìgò wọ̀nyẹn. Màlúù kan wà tí wọ́n ń pè ní Alágídí. Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ tí wọ́n ti ń fi àtọ̀ sí i tí kò dúró, tí máníjà sì ti ń dárúkọ alápatà. Nígbà tí wọ́n gún un ní pupa, ó lóyún.

"Pupa ni òògùn," ni Ọ̀gá wí. "Èmi ni kí o bi. Funfun yẹn, omi ẹ̀rọ ló bu sínú rẹ̀."

Ìyàwó gbà fún un. Kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé kan, màlúù mọ́kànlá ń wá akọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ṣe gbogbo wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ó wá jókòó, ó ń na apá rẹ̀. Ó ní ó ń ro òun díẹ̀. Apá náà a máa ro ó tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Lọ́jọ́rú, wọ́n jẹun àárọ̀ tán nínú ilé ìfúnwàrà, ó dojú garawa kan dé, ó jókòó lé e. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, bá mi bu omi." Obìnrin náà lọ síbi ẹ̀rọ omi. Kó tó ti ẹ̀rọ náà pa, ó gbọ́ tí garawa dún gbàràgàdà lórí sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti dákẹ́ kí wọ́n tó jáde nínú ọgbà. Ife omi ṣì wà lọ́wọ́ ìyàwó. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan ló rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sunkún. Kì í ṣe pé ó ń pa ẹkún mọ́ra. Ó wá ẹkún náà bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, ó tú gbogbo rẹ̀, kò bá a níbẹ̀. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, á dáhùn. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́, kò sì ní mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó tutù. Ọmọ rẹ̀ dé lọ́jọ́bọ̀, ó dì mọ́ ọn lọ́rùn, ó ń ké. Ìyá ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn pẹ́pẹ́, ó ń wo ara ògiri níbi tí ọ̀dà ti ń bó. Ó ń rò ó pé ọ̀dà yẹn ti ń bó tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin náà wá. Àgbàlagbà ni, òun ló tọ́ olóògbé dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, ẹkún ènìyàn méjì ló sì ń sun. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin òkú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, Ẹ̀gbọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá opó níbi tó ti ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà.

"Ìyàwó wa, níbo lò ń lọ?"

"Ibi iṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Iṣẹ́ kẹ̀? Ọkọ rẹ tí a sin lánàá!"

"Òní ló pé ọjọ́ márùn-ún."

"Tí kí ni ṣe?"

"Tó fi àtọ̀ sí àwọn màlúù yẹn. Àwọn mọ́kànlá. Bí òní bá kọjá, abẹ́rẹ́ yẹn ò wúlò mọ́."

Ẹ̀gbọ́n pa àtẹ́wọ́. "Màlúù! Àbúrò mi wà nínú ilẹ̀, omi ò jáde lójú ẹ, màlúù lò ń rò! Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o!"

"Ẹ má bínú. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

"Ìwọ dà, tó o sunkún?"

Opó wọ bàtà ẹsẹ̀ kejì, ó sì jáde.

Nígbà tí àwọn afúnwàrà rí i lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rọ ìfúnwàrà nìkan ló ń mí. Ẹnì kan pa rédíò. Ẹnì kan ní, "Ìyá, ẹ fún wa ní sírínjì, a ó bá yín ṣe é." Ó ní rárá, òun ló mọ̀ wọ́n. Wọ́n bá a so màlúù mọ́kọ̀ọ̀kànlá mọ́ irin. Ìwé tí dókítà kọ wà lára ògiri: màlúù mẹ́fà ní pupa, márùn-ún ní funfun. Èyí tó wà lókè pátápátá, funfun ni. Ó kà á dáadáa, ojú rẹ̀ kò ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn lọ mú ìgò pupa.

Ó fa òògùn sínú sírínjì, ó fọwọ́ ra ọrùn màlúù, ó gún un. Ó fà fún ìkejì. Pupa. Ìkẹta, pupa. Kò yára, kò sì falẹ̀. Gbogbo mọ́kànlá, kò sí èyí tí kò fún ní pupa nínú wọn, nítorí Ọ̀gá ní pupa ni òògùn, iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣe kẹ́yìn láyé ló wà nínú àwọn ẹran wọ̀nyí. Ó fi àmì síwájú gbogbo nọ́ńbà wọn nínú ìwé. Ó fọ sírínjì. Lẹ́yìn náà, ó dúró síbẹ̀, ó ń retí pé ohun kan á ṣẹ̀ nínú òun. Kò sí nǹkan kan. Màlúù kan tọ̀, ó sì rìn kúrò.

Ọmọ rẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́jọ, ó padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti lọ ṣáájú rẹ̀, tìbínú-tìbínú, kò sì pe fóònù. Ilé wá dákẹ́. Opó náà ń jí, ó ń gbálẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Ìwẹ̀ tó bá wẹ̀, ó lè dúró sábẹ́ omi títí omi á fi tutù kó tó rántí pé òun ti wẹ̀ tán. Àwọn ènìyàn ń sọ fún un pé kò sí ohun tó le tí kì í rọ̀. Ó ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun kò mọ̀ ọ́n ní líle, kò mọ̀ ọ́n ní rírọ̀. Bí ẹní jókòó sínú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì ló rí lára rẹ̀: ó ń rí i tí àwọn ará ìta ń la ẹnu.

Lọ́jọ́ kejìlélọ́gbọ̀n, dókítà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé. Ó wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ wà lára gíláàsì kékeré kan, ó ń pe nọ́ńbà: "Ó lóyún. Èyí ṣófo. Ó ṣófo. Ó lóyún." Márùn-ún ló dúró nínú mọ́kànlá. Dókítà ní kò burú rárá. Lẹ́yìn náà, ó lọ gbé ìgò méjèèjì síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́.

"Ìyá, pupa ti fẹ́ẹ̀ tán. Funfun ṣì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé ó dà nù ni?"

Ó lè pa irọ́. Irọ́ náà kò tilẹ̀ jìnnà, dókítà ti bá a gbé e sétí ẹnu.

"Kò dà nù. Mo fún gbogbo mọ́kànlá ní pupa."

"Gbogbo wọn? Ìwé ńkọ́?"

"Mo ka ìwé."

Dókítà jókòó lórí àpótí. "Kí ló dé, mà?"

"Ọ̀gá ní pupa ni òògùn."

Dókítà mọ Ọ̀gá. Ọkùnrin náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di màlúù mú tí kò fi ní ta ènìyàn nípàá. Ohùn dókítà lọ sílẹ̀. "Màá ní láti yọ àwọn mọ́kànlá yìí kúrò, ìyá. Kò lè sí wọn nínú ìṣirò mọ́. Iṣẹ́ gbogbo wa á bàjẹ́."

"Ó yé mi. Ẹ yọ wọ́n."

"Mi ò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín o."

"Ẹ ṣé."

Dókítà mú bírò pupa, ó fà á kọjá lórí nọ́ńbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ìyá Ọjọ́-Karùn-ún dúró tì í títí tó fi fà á tán. Láti ọjọ́ náà, ohun tí ìwé bá wí ló ń ṣe: pupa fún onípupa, funfun fún onífunfun.

Ó tó oṣù márùn-ún sí i kí wọ́n tó já àpòòwé. Dókítà lè fi fóònù sọ ọ́, àmọ́ ó wá fúnra rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ìdí garawa.

"Ìyá, funfun ni òògùn."

Ó ń họ garawa lọ.

"Ó ń ṣiṣẹ́. Nínú ọgbà yìí, ó ran àwọn màlúù tó ti bímọ tó ìgbà mẹ́ta, mẹ́rin, lọ́wọ́. Ti àwọn ẹgbọrọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Torí náà ẹ kò gún wọn lásán ní gbogbo ọdún yẹn." Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè bá ara wọn. "Àmọ́ omi iyọ̀ ni pupa. Alágídí yẹn, fúnra rẹ̀ ló kàn lóyún. Àwọn mọ́kànlá yẹn náà, kò sí èyí tó rí òògùn nínú wọn. Àwọn márùn-ún tó dúró, ọwọ́ bàbá nìkan ló dá wọn dúró."

Obìnrin náà da omi inú garawa nù. Ó mọ̀ pé ọmọ yìí rìn jìnnà láti wá sọ ọ̀rọ̀ náà, pé ó yẹ kí òun fi nǹkan san án fún un, ì báà jẹ́ ẹkún, ì báà jẹ́ ẹ̀rín. Ó wá a, kò bá a. "Ọ̀gá ti ṣàṣìṣe, nígbà náà," ló wí. "Á ti jiyàn."

"Á jiyàn, mà."

"Á ní ọ̀gá yín ló pààrọ̀ bébà."

Dókítà rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. Ìyá Ọjọ́-Karùn-ún fi etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nù ún fún un, bí ẹni ń nu ojú ọmọ, ó wá gbé garawa mìíràn.

Ẹni tí wọ́n yá láti ọgbà mìíràn pé kó máa bá wọn fi àtọ̀ sí màlúù kì í wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Àwọn màlúù ń sá bí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Máníjà pe opó sí ọ́fíìsì, ó bi í bóyá ó lè kọ́ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó ní òun lè kọ́ ọ. Kì í ṣe pé ó wù ú. Kò rí ìdí tí òun fi máa sọ pé rárá.

Apá rẹ̀ kúrú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn afúnwàrà kó ara wọn jọ. Ọ̀kan ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ o!"

"Tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè," ló dá a lóhùn. "Dípò kẹ́ ẹ máa pòwe, ẹ gbé àpótí wá kí n dúró lé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé àpótí wá. Ó ti ọwọ́ bọ inú màlúù, ó ń wá ọrùn ilé ọmọ pẹ̀lú ìka. Màlúù fún ọwọ́ náà mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ fi kú sí i lára, kò sì mọ ohun tí ìka rẹ̀ ń fọwọ́ kàn mọ́. Ó fà á jáde, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún tì í padà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan kan kò yé e. Nínú ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìka rẹ̀ bá ohun kan tó le bí egungun imú, ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Nínú mẹ́sàn-án tó kọ́kọ́ ṣe, méjì dúró. Àwọn yòókù padà wá akọ, ó sì tún wọn ṣe. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ náà ló ń padà lọ gún wọn.

Nígbà tí iṣẹ́ náà máa di tirẹ̀ pátápátá, wọ́n gbé fọ́ọ̀mù tuntun fún un. Akọ̀wé ọ́fíìsì bá a kún un. Wọ́n dé ìlà kan, akọ̀wé ní, "Ta ni ká pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ́nu iṣẹ́?"

Ọdún gbogbo tí wọ́n ti ń bi í ní ìbéèrè yẹn, kò rò ó rí; orúkọ Ọ̀gá ló máa ń kọ. Ó gba bírò lọ́wọ́ akọ̀wé, ó gbé e sórí bébà. Kò kọ nǹkan kan. Akọ̀wé to àwọn fáìlì rẹ̀, ó tú wọn, ó tún tò wọ́n. Ọmọ rẹ̀ jìnnà. Kí ó tó wọkọ̀ tán, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ á ti ṣẹlẹ̀. Níkẹyìn, ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i láìwo ibì kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó sórí ìtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ó pè é. Wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n ti fìbínú lọ. Fóònù dún pẹ́.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Ó gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n fa àga, tó jókòó.

"Níbi iṣẹ́, wọ́n bi mí nípa ẹni tí wọ́n á pè bí nǹkan bá ṣe mí. Mo kọ orúkọ yín. Mo ní kí n sọ fún yín, kó má bàa bá yín lójijì."

"Orúkọ tèmi?"

"Orúkọ yín."

Ó gbọ́ tí obìnrin àgbà náà mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí ẹkún bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tó fi ń pe ará àdúgbò, kékeré kan tó ń já lu ara rẹ̀. "Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó mi," ni Ẹ̀gbọ́n ń wí nínú ẹkún. "Mo sọ̀rọ̀ burúkú sí ọ."

"Kò burú. Òótọ́ lẹ sọ. Mi ò sunkún."

"Títí di òní?"

"Títí di òní."

"Jẹ́ kí n bá ẹ sun ún, nígbà náà."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó di fóònù mú létí. Àwọn màlúù ń bọ̀ láti pápá fún wàrà ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ wọn ń dún lórí òkúta. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, kò sì pa fóònù títí Ẹ̀gbọ́n fi sun ẹkún náà tán.